Àwo mẹ́rin, orúkọ kan, olórin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ta ló ń jẹ́ Gong gan-an?

Àṣàkẹ́_Leeds:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Aládùúgbò mi kan, bàbá òyìnbó ẹni ọdún 74, ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó gbé àpótí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan fún mi. Ó ní láti ara ògiri ni òun ti ń gbọ́ jùjú lọ́dọ̀ mi láràárọ̀ Sátidé, pé ẹni tó bá ń fi gìtá jí báyẹn kò ní da àwo òun nù. Ọkọ mi ní ká gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù chárítì kó tó gba gbogbo pálọ̀.

Mẹ́rin nínú àwọn àwo náà, Gong ni wọ́n kọ sí wọn lára: Camembert Electrique, Angel's Egg, You, àti Gazeuse!. Mo gbé ti àkọ́kọ́ sí i, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, ọkùnrin kan ń kọrin bí ọmọdé tó ń fi ẹnu ṣeré. Mo wá gbé Gazeuse! sí i: kò sẹ́ni tó kọrin rárá! Mo yí páálí méjèèjì dà, mo ka orúkọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tó wà nínú méjèèjì, Didier Malherbe.

Bàbá náà ń padà bọ̀ wá kó ẹrù tó kù ní Sátidé tó ń bọ̀, ó sì ní kí n sọ ohun tí mo gbọ́ fún òun. Mi ò fẹ́ kó rò pé mi ò ka ẹ̀bùn òun sí. Ṣé Faransé ni wọ́n ni àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ta ni ọ̀gá wọn? Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ wò ó lórí Google. Mo ti lọ, orúkọ èèyàn pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìwé ìdìbò lọ.

Àgbà_Aláwo:
Àṣàkẹ́, ọmọ mi, sọ fún ọkọ rẹ pé kó fi àpótí yẹn sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Má wo iwájú àwo, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó o máa wò, kó o sì wá orúkọ ẹni tó ń lù. Bí o bá rí Pip Pyle, ayé Camembert nìyẹn, 1971. Bí o bá rí Pierre Moerlen pẹ̀lú Daevid Allen, ọ̀gá wọn, o ti dé 1973 sí 1974, ìyẹn Angel's Egg àti You. Bí o bá rí Moerlen tí o ò sì rí Allen, 1976 nìyẹn, Gazeuse!: baálé ti jáde nílé, onílù ló jogún ilé.

Kì í ṣe Camembert ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi alára fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo sì gbé e pamọ́ fún ọdún méjì gbáko. You ni kó o kọ́kọ́ gbọ́, ojú kejì rẹ̀, orin kejì níbẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Jókòó, má ṣe nǹkan mìíràn. Tó o bá ti gbọ́ ìyẹn tán, wàá ní sùúrù fún àwọn tó kù.

Kò_Kàn_Mí:
Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ orin àwọn tó mu igbó yó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣebí Allen yẹn ni wọ́n dá padà sí Ọsirélíà nítorí igbó?

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Lyon:
Rárá o, ọ̀gbẹ́ni. Wọn ò dá a padà síbì kankan. Wọn ò jẹ́ kó wọlé ni, kì í sì í ṣe nítorí igbó. Ẹni tó bá ti dúró níwájú kóńtà ẹnubodè rí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n lé ọ jáde, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè Àṣàkẹ́ wà.

Melbourne ni wọ́n bí Daevid Allen sí ní 1938. Ṣọ́ọ̀bù ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti ka ìwé àwọn akéwì Beat ti Amẹ́ríkà, ìwé yẹn ló sì lé e kúrò nílé. Ní 1960 ó gba Paris lọ, ó wọ̀ sí Beat Hotel, nínú yàrá tí méjì nínú àwọn akéwì náà, Allen Ginsberg àti Peter Orlovsky, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde. Ó ń ta ìwé ìròyìn kiri ní Latin Quarter kó lè rí oúnjẹ òòjọ́, kó sì máa ráyè wọ àwọn kíláàbù jáàsì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ré kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba yàrá ní Lydden, létí Dover, nílé àwọn òbí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Wyatt. Ọmọ onílé àti ayálégbé di ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ di ẹgbẹ́ eléré: Daevid Allen Trio ní 1963, tí Hugh Hopper ń ta béèsì, lẹ́yìn náà Soft Machine ní 1966, pẹ̀lú Kevin Ayers àti Mike Ratledge.

Ní 1967 Soft Machine lọ ṣeré nílẹ̀ Faransé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí wọ́n ń padà lóṣù kẹjọ, àwọn tó wà lẹ́nubodè Gẹ̀ẹ́sì rí i pé Allen ti lò kọjá ọjọ́ físà rẹ̀ nígbà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kó padà síbi tó ti ń bọ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù wọlé. Nígbà tó fi di 1968, wọ́n ti ń bá Jimi Hendrix rìn yí Amẹ́ríkà ká. Òun dúró sí Paris pẹ̀lú gìtá.

Ká ní wọ́n lu ìwé ìrìnnà rẹ̀ lóǹtẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò bá tí sí Gong. Èrò tèmi nìyẹn, mi ò sì ní jà sí i.

Ohùn ìsàlẹ̀ kànga tí Àṣàkẹ́ gbọ́, ti Gilli Smyth ni, ọmọ London, akéwì, tó kọ́ni ní yunifásítì Sorbonne. Òun àti Allen ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà ní Paris. Oṣù karùn-ún 1968 dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde, òkò ń lọ, tajútajú ń bọ̀. Allen ní tiẹ̀ ń pín ọmọláńgidi bíárì fún àwọn ọlọ́pàá, ó ń ké ewì fún wọn ní èdè Faransé adàmọ̀dì. Ọ̀rọ̀ náà ò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Òun àti Gilli bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sá lọ sí Deià, abúlé orí òkè ní erékùṣù Majorca nílẹ̀ Sípéènì, níbi tí akéwì Robert Graves ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Malherbe, ọmọ Faransé onífèrè àti sàsófóònù. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, inú ihò àpáta kan lórí ilẹ̀ Graves ló ń gbé. Malherbe yìí lẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn àwo rẹ méjèèjì, Àṣàkẹ́. Òun ló pẹ́ jù nínú ilé yẹn.

Ní 1969 wọ́n padà sí Faransé, ilé iṣẹ́ àwo kan ní Paris tó ń jẹ́ BYG gbà wọ́n. Ẹ wá wo eléyìí: níbi àjọ̀dún orin BYG lóṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ sí gbangba. Paris ló yẹ kó ti wáyé. Ìjọba Faransé kọ̀, wọ́n bá gbé gbogbo àgọ́ àti àwọn olórin kọjá ẹnubodè sí abúlé Amougies ní Belgium. Pink Floyd wà níbẹ̀, Frank Zappa náà wà níbẹ̀. Ẹnubodè náà sì tún wà níbẹ̀.

Mo ń bọ̀, mo fẹ́ lọ gbé ọmọ níléèwé.

Àṣàkẹ́_Leeds:
Bọ̀dá Lyon, ẹ mà ṣé gan-an o. Èmi náà mọ kóńtà yẹn dáadáa. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n fi mí jókòó sórí àga kan fún wákàtí mẹ́rin, aṣọ tí mo wọ̀ wá tó ń rún ló ń bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ ara mi lọ, torí mo yá a ni.

Gong wá jẹ́ ti Faransé nìyẹn?

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Lyon:
Ilé wọn wà ní Faransé. Àwọn tó wà nínú ilé wá láti ibi púpọ̀. Ọ̀gá jẹ́ ará Ọsirélíà, ìyàwó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Malherbe àti Christian Tritsch tó ta béèsì nínú Camembert jẹ́ Faransé. Pip Pyle jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Tim Blake tó ń tẹ síńtẹ̀sáísà náà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Steve Hillage, gìtá, ọmọ London. Mike Howlett tó wá gba béèsì lẹ́yìn náà, Fiji ni wọ́n bí i sí, Ọsirélíà ló ti dàgbà. Moerlen jẹ́ ará Alsace, lápá ibi tí Faransé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di Jámánì. Èdè méjì ni wọ́n ń sọ nílé, ẹ̀kẹta sì ni èyí tí Allen hun fúnra rẹ̀.

Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, bàbá, ìyá, ọmọ, onílù, ọmọ onílù. Wọ́n gba ilé kan nínú igbó létí ìlú Sens, gúúsù Paris, tó ń jẹ́ Pavillon du Hay. Angel's Egg tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ká a sílẹ̀ ní 1973. Virgin, ilé iṣẹ́ àwo wọn nígbà yẹn, gbé mọ́tò situdíò wá bá wọn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fa wáyà wọnú ọgbà.

Onífèrè_Abẹ́òkúta:
Mo fẹ́ bá Àṣàkẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń gbọ́, nítorí ìtàn nìkan ò lè là á sí etí.

Ohùn Gilli ni wọ́n ń pè ní space whisper, ohùn wúyẹ́wúyẹ́ láti òfuurufú. Kì í kọrin bí olórin. Ó ń mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe ọfọ̀, wọ́n wá fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i kó lè máa padà wá bí ìgbì. Àwọn kan kórìíra rẹ̀. Lójú tèmi, bí o bá yọ ọ́ kúrò nínú Angel's Egg, ilé onígìtá lásán ló kù.

Ìró gbọọrọ tó dà bí ọ̀já, tí o ò mọ̀ bóyá gìtá ni tàbí dùùrù, ti Allen nìyẹn. Kò fi ọwọ́ fa okùn rárá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fi ra okùn gìtá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á wá fa ìró náà gùn. Syd Barrett ti Pink Floyd ló rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó kó o, ó sọ ọ́ di ti ara rẹ̀. Mo dán an wò pẹ̀lú ọwọ́ ṣíbí, okùn mi kan já, ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú kan mo débẹ̀.

Moerlen ní tiẹ̀ kọ́ ìlù ní ilé ẹ̀kọ́ orin gidi, ó ka nótì bí ẹni ka Bíbélì. Ìdí nìyẹn tí You fi dúró déédéé. Àwọn tó wà lókè ń fò, òun àti Howlett ò kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ìyá ìlù ṣe ń rìn kiri tí omele ò sì yẹsẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Orin tí Àgbà júwe fún ọ, tẹ́tí sí béèsì nìkan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohun kan náà ló ń sọ lásọtúnsọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wá gbọ́ bí sàsófóònù ṣe ń gun orí rẹ̀, kí gìtá Hillage tó dé.

Kí Gazeuse! má bà á rú ọ lójú: ìró bí agogo gíláàsì tí ò ń gbọ́ níbẹ̀ ni fáíbráfóònù, àwọn ọ̀pá irin tí wọ́n ń fi igi lù lọ́wọ́ méjèèjì. Àbúrò Moerlen wà níbẹ̀, Benoît, àti Mireille Bauer. Allan Holdsworth ló ń ta gìtá, Mino Cinelu sì ń lu ìlù ọwọ́, kó tó di pé ó bá Miles Davis ṣiṣẹ́. Jáàsì rọ́ọ̀kì pọ́ńbélé ni. Ó dùn. Kò sí iwin kankan nínú rẹ̀.

Kò_Kàn_Mí:
Iwin wo? Ṣé mo ní igbó ni, ẹ ní rárá.

Onífèrè_Abẹ́òkúta:
Ọ̀gbẹ́ni, mi ò sọ pé igbó ò sí níbẹ̀! Wọ́n mu ún, wọn ò sì fi pamọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé igbó kì í kọ́ èèyàn ní nótì.

Iwin náà nìyí. Àwo mẹ́ta ló jọ sọ ìtàn kan: Flying Teapot, Angel's Egg, You. Rédíò kan ń sọ̀rọ̀ láti pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Gong, ìran ibẹ̀ sì yọ sí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zero. Àwọn iwin kéékèèké aláwọ̀ ewé ń gbé níbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ń yí lórí wọn, inú ìkòkò tíì tó ń fò ni wọ́n ń wọ̀ rìn. Allen ya púpọ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, wo páálí rẹ dáadáa. Ẹni tó dàgbà sórí àlọ́ ìjàpá àti ìtàn ọdẹ tó wọ igbó irúnmọlẹ̀ kò yẹ kí èyí dẹ́rù bà á. Fi etí àlọ́ gbọ́ ọ.

Gbogbo wọn ló sì ní inagijẹ. Allen ń jẹ́ Bert Camembert. Malherbe ń jẹ́ Bloomdido Bad De Grass. Hillage di Steve Hillside Village. Gilli ń jẹ́ Shakti Yoni. Tí o bá rí orúkọ wọ̀nyí lẹ́yìn àwo, kì í ṣe èèyàn tuntun ló wọlé.

Àṣàkẹ́_Leeds:
Ẹ̀n! Mo ti kọ Bloomdido sílẹ̀ bí ẹni tí mo fẹ́ bi yín nípa rẹ̀. Mo sì rò pé obìnrin ni.

Àgbà_Aláwo:
Bó o ṣe ní Angel's Egg àti You tí o ò ní Flying Teapot, apá kejì àti ìkẹta ìtàn ló wà lọ́wọ́ rẹ. Bi bàbá náà léèrè. Ó lè wà nínú àpótí mìíràn. Ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1973 ló jáde, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Tubular Bells ti Mike Oldfield, ọjọ́ tí Virgin kọ́kọ́ gbé àwo tirẹ̀ sọ́jà. Èkejì di owó ńlá, ó ra ilé fún onílé. Ìkòkò tíì kò tà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó rà á kò tíì tà á di òní.

Lórí owó, torí mo mọ̀ pé ọkọ rẹ máa bi ọ́: wo Camembert yẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà BYG ti ilẹ̀ Faransé, 1971, wá páálí ike fi wé e. Situdíò Château d'Hérouville, àríwá Paris, ni wọ́n ti ká a sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí Virgin tún tẹ̀ ní 1974, ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀, torí pẹ́nsì 59 péré ni wọ́n ń tà á, iye tí wọ́n ń ta àwo kékeré tó ní orin kan lójú kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n ọjà ni: kí ọmọdé tí kò mọ̀ wọ́n rí i lókìtì, kó ní kí ló máa gbà mí, kó rà á. Ó ṣiṣẹ́.

Má to àwo léra bí abọ́ ìjẹun o. Ìdúró ni wọ́n ń dúró. Má sì jẹ́ kó súnmọ́ hítà.

Ìyá_Ṣadé:
Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀: kí ló dé tí baálé fi jáde nílé?

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Lyon:
Màmá, ẹ káàbọ̀. Oṣù kẹrin 1975, ní Cheltenham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. (Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti ń jẹ́ kó wọlé nígbà yẹn.) Èrò ti jókòó, àwọn yòókù ti wà lórí ìtàgé. Allen ní òun ò lè gòkè, pé ògiri kan tí ojú ò rí wà láàárín òun àti ìtàgé. Kò gòkè lóòótọ́. Ibẹ̀ ló ti kúrò nínú ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀. Gilli náà kúrò ní tirẹ̀, ó ní àwọn ọmọ òun méjì kéré, ẹni kan gbọ́dọ̀ tọ́ wọn. Tim Blake ti lọ ṣáájú.

Ìyá_Ṣadé:
Ògiri ni ẹ gbọ́ un. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé kan láti ọdún wọ̀nyẹn, tí ìyàwó ń ṣeré, tí ọmọ ń ké, ògiri á yọ sí i níbìkan. Èmi gbé pẹ̀lú ẹbí ọkọ mi fún ọdún mẹ́ta, mo mọ ògiri yẹn.

Onífèrè_Abẹ́òkúta:
Òótọ́ ni màmá sọ, ṣùgbọ́n ẹ fi èyí kún un: àwọn ọmọ tó mú wá ti mọ orin jù ú lọ. Ẹ gbọ́ You. Allen kò ní ibi púpọ̀ tó ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Orin ti gba ilé.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Lyon:
Bẹ́ẹ̀ ni. Àdéhùn Virgin sì ṣì wà nílẹ̀, àwo gbọ́dọ̀ jáde. Shamal jáde ní 1976, Nick Mason, onílù Pink Floyd, ló darí rẹ̀ ní situdíò. Hillage ti bá tirẹ̀ lọ kí ìyẹn tó jáde, Howlett náà lọ lẹ́yìn rẹ̀, Moerlen di ọ̀gá. Gazeuse! tìẹ nìyẹn, Àṣàkẹ́. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ di Pierre Moerlen's Gong kó má bà á sí àríyànjiyàn.

Allen alára padà sí Deià. Orúkọ Gong wá dà bí ilé tí ọmọ púpọ̀ jogún: Planet Gong níbí, New York Gong lọ́hùn-ún, Mother Gong ti Gilli. Ẹ má jẹ́ kó da ara yín láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn náà, 1969 sí 1975 ló ń wá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí Àṣàkẹ́ fi ya bàbá yẹn lẹ́nu. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1977, wọ́n pe gbogbo Gong jọ ní Hippodrome ní Paris fún ọjọ́ kan. Howlett mú ẹgbẹ́ kékeré kan wá síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Strontium 90. Ó fi ara rẹ̀ sí i, ó mú Sting, ó mú Stewart Copeland, ó mú onígìtá kan tó ń jẹ́ Andy Summers. Nínú ẹgbẹ́ kékeré yẹn ni Summers ti bá àwọn méjì yẹn ṣeré pọ̀. Kò pẹ́ sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di The Police tí gbogbo ayé mọ̀.

Kò_Kàn_Mí:
Èyí wá kàn mí.

Onífèrè_Abẹ́òkúta:
Kí n tó gbàgbé: ẹni tí orin àwọn àlejò bá wù, kò gbọdọ̀ fi Osibisa sílẹ̀. London, 1969, ọmọ Ghana, ọmọ Caribbean, àti ọmọ wa Lasisi Amao tó ń fọn sàsófóònù tó sì ń lù. Wọ́n jọ Gong nínú pé ibi tí wọ́n bá ara wọn ni wọ́n ti di ẹgbẹ́. Wọn ò jọ ọ́ nínú ohun mìíràn. Osibisa gbé ilé dání wá. Gong kò gbé nǹkan kan dání, wọ́n ní láti hun pílánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Lyon:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà pé wọn ò gbé nǹkan dání. Ewì Beat wà lápò Allen, jáàsì wà lápò Malherbe. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín. Robert Wyatt, ọmọ onílé yẹn, òun náà fi kàkàkí Mongezi Feza, ọmọ South Africa tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé kúrò nílé, sínú àwo rẹ̀ Rock Bottom ní 1974. London ọdún wọ̀nyẹn kún fún irú wọn.

Àṣàkẹ́_Leeds:
Ṣé wọ́n ṣì wà láyé? Ó yẹ kí n mọ̀ kí n tó la ẹnu.

Àgbà_Aláwo:
Ìbéèrè ọmọlúàbí nìyẹn. Allen kú ní Ọsirélíà, oṣù kẹta 2015, ẹni ọdún 77. Gilli tẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ 2016. Moerlen ti lọ ní 2005, Pip Pyle ní 2006. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò kú. Nínú I See You, àwo 2014, ọmọ Allen àti Gilli tó ń jẹ́ Orlando ló ń lu ìlù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn fi ìtàgé sílẹ̀ torí wọn nìyẹn. Kí Allen tó lọ, ó ní kí àwọn ọmọ tó kù máa bá a nìṣó. Kavus Torabi, ọmọ tí wọ́n bí ní Tehran, ló ṣáájú wọn lẹ́yìn rẹ̀. Àlejò ló tún jogún rẹ̀.

Àṣàkẹ́_Leeds:
Ẹ kú àná o, ẹ̀yin ará. Bàbá ti wá, ó sì ti lọ.

Mo pọn tíì, mo gbé You sí i, ojú kejì bí Àgbà ṣe wí. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ títí orin náà fi parí. Ó wá ní, ó dáa, kí ni mo gbọ́? Mo ní mo gbọ́ béèsì tó ń sọ ohun kan náà, mo sì sọ ọ̀rọ̀ omele fún un. Ó ní kí n lù ú kí òun gbọ́. Mo fi ìka lù ú sára tábìlì.

Mo sọ ìtàn físà. Ẹ má bínú, bàbá yìí tó ti gbọ́ Gong láti 1974 kò mọ̀! Ó ní òun rò pé Allen kàn fẹ́ràn Faransé ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bi mí bóyá wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo sọ ti wákàtí mẹ́rin fún un. Ọdún mọ́kànlá la ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, a ò sọ irú ẹ̀ rí.

Camembert náà, ti pẹ́nsì 59 ni. Bébà owó rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní owó tí ìyá òun fún òun pé kí òun fi gé irun ni. Flying Teapot wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́. Ọkọ mi ti ń gbọ́ Gazeuse! bó bá ń lọ aṣọ, ó ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀ o, ó kàn ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá ni.

Ìṣòro kan ló kù. Angel's Egg ń fò níbì kan lójú kìíní, á padà, á tún fò. Ṣé abẹ́rẹ́ ni àbí àwo ló ti bàjẹ́?

Àgbà_Aláwo:
Gbé àwo mìíràn sí i. Tí ìyẹn náà bá fò, abẹ́rẹ́ ni, pààrọ̀ rẹ̀. Tí kò bá fò, fi aṣọ múlọ́múlọ́ àti omi distilled, tí kò níyọ̀ kankan nínú, nu Angel's Egg yípo yípo, má nù ún lọ sókè sódò, kó o jẹ́ kó gbẹ kó o tó tún un gbé sí i. Tó bá tún fò lẹ́yìn ìyẹn, fi ìka ti apá abẹ́rẹ́ síwájú díẹ̀ nígbà tó bá débẹ̀. Tèmi náà ń fò níbẹ̀.